Gíláàsì Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Pípọn Bíà Nílé fún Ìdíje

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ ní ọ̀sán Sátidé kan ní Yábàá, níbi tí àwa tí a ń pọn bíà nílé ti péjọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ kú àpéjọ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú oòrùn, ẹ kú ìrọ́jú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó ti Ìkòròdú wá, ẹni tó gba orí afárá kọjá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ káàbọ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣètò èròjà bíà kí ó lè bá ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ mu. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá wọ búkà, tí ẹ ní kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ rírò fún yín, tí wọ́n wá gbé ilá àsèpọ̀ síwájú yín, ilá tó dùn, tó ń fà, tí irú àti edé pé sí i, ṣé ẹ ó ní ọbẹ̀ náà kò dáa? Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ bèèrè. Ìyà tó ń jẹ púpọ̀ nínú wa níbi ìdíje nìyẹn. Bíà wa dùn, àwọn ará ilé ń yìn ín, kì í ṣe ohun tí wọ́n bèèrè ni.

Mo ti jẹ ìyà yẹn rí. Bíà àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ síbi ìdíje, pilsner, bíà aláwọ̀ wúrà ti ìlú òtútù, ni mo pè é. Mo ra mọ́ọ̀tì Jámánì, ìyẹn ọkà tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó sá a gbẹ. Mo ra hops Saaz, òdòdó tó ń mú bíà korò, tó wá láti orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì. Owó tí mo ná, ọkọ mi kò mọ iye rẹ̀ títí dòní. Mo gbé e sí igun ilé ìdáná mi ní Sùúrùlérè, níbi tí tẹmọ́mítà ti ń ka 29, tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí ìwé ìdájọ́ dé, máàkì 19 nínú 50 ni mo rí. Adájọ́ kọ ọ́ pé òórùn èso ti pọ̀ jù, pé ọtí náà ń jó òun lọ́fun, pé ó ń rùn bíi gúgúrú tí wọ́n da bọ́tà sí. Mo bínú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún ìwé náà kà, ìgbà yẹn ni mo sì rí i pé gbogbo ohun tó kọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn mọ́ọ̀tì, kò sì sí lọ́rùn hops. Èmi ni mo lọ pọn bíà ìlú òtútù nínú ilé ìdáná Sùúrùlérè.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí: gíláàsì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká mọ ohun tí adájọ́ ń retí nínú gíláàsì, ká mọ ohun tí ilé wa lè gbà, ká tó ra ẹyọ ọkà kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yà bíà

Ìyá tó bí ìyá mi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Yóò rẹ àgbàdo, yóò fi ewé bò ó títí yóò fi hù, yóò sá a sóòrùn, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì sè é. Kò ní ìwé kankan. Ṣùgbọ́n bí kíkan rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò bèèrè pé, “Ìyá, ta ló pọn tòní?” Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti ní ẹ̀yà kan lọ́kàn. Wọ́n mọ bó ṣe yẹ kó kan tó, bó ṣe yẹ kó ki tó, bó ṣe yẹ kó máa hó tó. Adájọ́ ni gbogbo wọn.

Ohun tí àwọn Amẹ́ríkà ṣe ni pé wọ́n kọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba àwọn ènìyàn láàyè láti máa pọn bíà nílé. Nígbà tó di 1985, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn adájọ́ bíà níṣẹ́, tó sì ń dán wọn wò, òun ni wọ́n ń pè ní BJCP. Àwọn yìí ló ń tẹ ìwé ẹ̀yà bíà tí ọ̀pọ̀ ìdíje ń lò káàkiri ayé. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2021 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á sórí fóònù yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.

Ẹ má rò pé ẹnì kan kàn jókòó tó fi orí ara rẹ̀ ronú kan àwọn ẹ̀yà yìí o. Ilẹ̀ àti omi ló bí wọn. Ní ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, omi wọn rọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èròjà ilẹ̀ kankan nínú. Nígbà tí Josef Groll pọn bíà aláwọ̀ wúrà níbẹ̀ ní 1842, omi yẹn jẹ́ kí ìkorò hops mọ́ lẹ́nu láì há lọ́fun. Omi Dublin le, ọkà sísun dúdú sì máa ń bá irú omi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí bíà dúdú fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ọdún 1962 ni Guinness dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní Ìkẹjà níbí. Èyí tí wọ́n ń pọn fún wa, ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé ní 1988, gbogbo àwọn ilé ìpọntí ńlá ló kọjú sí ọkà bàbà. Ahọ́n tí ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ níbí yìí, ó ti mọ bíà dúdú tó lágbára láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ibo ni máàkì wà?

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Máàkì 50 ni adájọ́ ní lọ́wọ́. Òórùn gba 12. Ìrísí gba 3. Ìtọ́wò gba 20. Bó ṣe rí lẹ́nu, bóyá ó ki, bóyá ó fẹ́lẹ́, bóyá gáàsì rẹ̀ ń ta lẹ́nu, ìyẹn gba 5. Máàkì 10 tó kù ni adájọ́ fi ń sọ bí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ṣe rí lára rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìrísí, máàkì 3 péré! Mo mọ àwọn kan nínú yàrá yìí tí wọ́n ń sùn ti bíà wọn torí kó lè mọ́ gaara, tí òórùn rẹ̀ sì ń pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òórùn àti ìtọ́wò nìkan, máàkì 32 ni. Ìwúkàrà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì, ìwúkàrà sì rèé, bí ooru bá ṣe wà ní àyíká rẹ̀ ló ṣe ń hùwà.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ìwé ẹ̀yà, ẹ ó rí nọ́ńbà fún ìwúwo, ìkorò, àwọ̀ àti agbára ọtí. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn nọ́ńbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù, wọ́n á ní ó ti bọ́ sínú ẹ̀yà. Adájọ́ kò gbé ẹ̀rọ kankan dání o! Imú àti ahọ́n ló gbé wá. Bí nọ́ńbà yín bá wọlé pátá, tí ahọ́n rẹ̀ sì sọ pé ọtí náà korò jù fún dídùn rẹ̀, ó ti korò jù nìyẹn. Nọ́ńbà ni ọgbà tó yí ilé ká, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa òórùn àti ìtọ́wò ni ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ooru Èkó

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù. Yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó lè wà ní 28, ó lè dé 32. Bí ìwúkàrà bá sì ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ń mú ooru wá, inú kẹ́ẹ̀gì yín yóò fi bíi mélòó kan gbóná ju yàrá lọ. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ale, bíà tí a ń pọn nínú ooru díẹ̀, ń fẹ́ nǹkan bíi 18 sí 22. Ti lager, bíà tí a ń pọn nínú òtútù bíi pilsner, ń fẹ́ nǹkan bíi 10 sí 13. Bí wọ́n bá bọ́ sínú 31, òórùn èso á gba gbogbo ilé, ọtí náà á sì máa jó ni lọ́fun bí ògógóró tí wọn kò sè dáadáa.

Kí ni ká wá ṣe? Ọ̀nà méjì ló wà. Kí ẹ mú ooru wálẹ̀, tàbí kí ẹ yan ẹ̀yà tí ooru kò ní ba jẹ́. Èmi ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Láti mú un wálẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n ńlá tó ní omi. Ẹ di pure water mẹ́wàá sínú fíríìjì títí wọn yóò fi di yìnyín. Ẹ ju márùn-ún sínú omi ọpọ́n láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, kí ẹ sì dá àwọn tó ti yọ́ padà sínú fíríìjì. Ẹ wé aṣọ ìnura tútù mọ́ kẹ́ẹ̀gì lára. Báyìí ni mo ṣe ń rí 21 sí 23 nínú ilé tí iná kì í dúró. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìgbà tí ìwúkàrà ń bí sí i ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn èso àti ọtí gbígbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sùn.

Ní ti ẹ̀yà, ẹ wo Saison, bíà àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ìwúkàrà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 28, òmíràn ń lọ sí 30 àti jù bẹ́ẹ̀, òórùn ata àti èso tó ń mú wá gan-an ni adájọ́ ń wá. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ lẹ́nu, kó parí sí ìwúwo 1.002 sí 1.008, mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé nọ́ńbà yìí. Ẹ wo ìwúkàrà àwọn ará Norway tí wọ́n ń pè ní kveik. Èyí tó wá láti agbègbè Voss ń fẹ́ 35 sí 40! Ooru wa gan-an kéré sí i. Weissbier àwọn ará Jámánì, tó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ ó rò pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá 24, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bo kànáfùrù mọ́lẹ̀, gíláàsì á sì máa rùn bíi súìtì ọmọdé.

Ẹ̀yà tí mo fẹ́ràn jù fún Èkó, òun ni Tropical Stout. Bíà dúdú tó dùn, tó ní èso díẹ̀ nínú, tó lágbára, tí àwọn ìlú olóoru bíi Jàmáíkà àti Sri Lanka mú gbajúmọ̀. Èso díẹ̀ kì í ṣe àbùkù níbẹ̀, ara ẹwà rẹ̀ ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ ká pọn ọ̀kan pọ̀

Ẹ mú bírò. Lítà 20 ni a fẹ́ pọn.

Ìwé ní Tropical Stout máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.056 sí 1.075, ó máa ń parí sí 1.010 sí 1.018, ìkorò rẹ̀ jẹ́ 30 sí 50 lórí òṣùwọ̀n IBU, agbára rẹ̀ jẹ́ 5.5 sí 8. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàárín wa, háídírómítà ni a fi ń mọ ìwúwo. Ó ń ka 1.000 nínú omi lásán, bí ṣúgà ọkà bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa léfòó sókè tó. Púpọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n ooru 20 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí omi ọkà yín bá wà ní 30, ẹ fi 0.002 tàbí 0.003 kún ohun tí ẹ kà. Àwọn tó kọ ìwé ní ìlú òtútù kì í ránti sọ èyí fún wa.

Mo fẹ́ 1.064. Kí ló dé? Mo fẹ́ kí ọtí náà kún ẹnu, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mu gíláàsì kan ṣì lè dìde. Mo fẹ́ kí ó parí sí 1.016, nítorí pé adùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkínní, ẹ fi 131 lé díẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, agbára rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 6.3. Ó wọlé.

Kí ló máa gbé wa dé 1.064? Nínú ìkòkò mi, kílò mọ́ọ̀tì báálì kan ń fún mi ní nǹkan bíi 11 nínú lítà 20, ìyẹn 0.011 lórí háídírómítà. Mo mú kílò 4.2 mọ́ọ̀tì aláwọ̀ funfun, ó fún mi ní 46 ó lé díẹ̀. Ìdajì kílò ṣúgà, 9 ó lé díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ṣúgà, ó wà nínú ẹ̀yà yìí, kì í ṣe ẹ̀tàn. Gíráàmù 400 mọ́ọ̀tì crystal fún adùn tó dà bíi ṣúgà tó jóná díẹ̀, 4. Gíráàmù 300 báálì sísun àti 200 mọ́ọ̀tì chocolate fún àwọ̀ dúdú, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Ẹ ro ó pọ̀, a ti dé 64.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣìnà níbi ọkà sísun yìí. Wọ́n mọ Guinness tiwa, wọ́n á ní kí tiwọn náà korò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Foreign Extra Stout ni ìyẹn, ẹ̀yà mìíràn ni. Ìwúwo àwọn méjèèjì dọ́gba nínú ìwé, ìkorò ló yà wọ́n. Tọ̀hún jẹ́ 50 sí 70, sísun rẹ̀ sì ń ta lẹ́nu. Bí mo bá fi ìkorò 60 sínú 64, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọkà sísun á sọ̀rọ̀ sókè. Bí mo bá fi 36 sí i, ìkorò kàn lé díẹ̀ ju ìdajì ìwúwo lọ, adùn á sì lè jókòó síwájú. 36 ni mo fẹ́. Hops tí àpò rẹ̀ kọ 10 sí, ìyẹn agbára ìkorò rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 35, tí a sè fún wákàtí kan gbáko, á gbé wa débẹ̀. Mi ò fi hops olóòórùn kankan sí i níparí, nítorí ìwé kò bèèrè rẹ̀.

Omi ńkọ́? Bí omi ẹ̀rọ yín bá ní kílóríìnì, ẹ fi oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní Campden pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọtí náà á máa rùn bíi bandéèjì. Bí omi kànga ẹ̀rọ yín bá ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára ike, ẹ má fi pọntí rárá, á ní ìtọ́wò irin tí nǹkan kan kò lè bò.

Ẹ̀yin ará, lórí ìgò, mo bẹ̀ yín. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò títí háídírómítà yóò fi ka nọ́ńbà kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwúkàrà Saison ẹlòmíràn ń jẹ ṣúgà tí àwọn yòókù kì í jẹ, ó ń rọra jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìgò á sì bú gbàmù. Mo ti gbá àfọ́kù ìgò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi rí, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ mi kò sí nítòsí. Fún stout yìí, gíráàmù 120 ṣúgà lásán fún lítà 20 ti tó.

Ìbéèrè kan nípa orógbó

Arákùnrin kan nídìí ògiri bèèrè pé, “Ànńtí, ṣé mo lè fi orógbó dípò hops? Ṣé ọkà bàbà nìkan sì lè ṣe bíà fún ìdíje?”

Ó dára tí ẹ bèèrè. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fi orógbó àti ewúro dánwò dípò hops. Ẹ pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní Tropical Stout. Abala bíà oníturari àti ewé wà, níbẹ̀ ni ẹ ó ti kọ ọ́ pé orógbó ló wà nínú rẹ̀, àti pé irú bíà wo ni ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Adájọ́ tí ẹ kò bá sọ fún, yóò rò pé àbùkù ni.

Ọkà bàbà ní abala tirẹ̀ pẹ̀lú, Alternative Grain Beer. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ o. Sítáàṣì rẹ̀ ń fẹ́ ooru tó ju ti báálì lọ kó tó tú, nítorí náà ẹ sè é bí ẹni ń se ògì, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí 65, kí ẹ tó da mọ́ọ̀tì báálì tàbí èròjà enzyme tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà lé e. Kò sì ní èèpo tí omi lè gbà sẹ́, ẹ lo àpò aṣọ. Àwọn tó ń pọn bùrùkùtù ní Mile 12 mọ̀ nípa ọkà yìí ju gbogbo wa lọ. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀

Èyí ló kẹ́yìn. Orúkọ tí ẹ kọ sórí ìwé lọ́jọ́ tí ẹ pọn ọ́n, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò bí ẹni tí kò mọ ẹni tó pọn ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èbúté Mẹ́ta pọn Irish Stout, bíà dúdú tó fúyẹ́. Ó ṣe àṣìṣe omi, ó wúwo ju bó ṣe fẹ́ lọ, ooru sì fi èso sí i. Ó fẹ́ dà á nù. Mo ní kó gbé e wá. A kó ìwé ẹ̀yà sílẹ̀, a gbóòórùn rẹ̀, a tọ́ ọ wò, a ka ọ̀rọ̀ inú ìwé, a tún tọ́ ọ wò. Ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí Tropical Stout. Máàkì 37 ló gbà. Irish Stout ni ì bá jẹ́, kì bá tí dé 25.

Bíà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ wà nínú kúlà níwájú yìí, gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìdájọ́ òfìfo wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wa mọ́tò padà sílé, ẹ gbóòórùn nìkan, mo ti fi ìgò tiyín pamọ́ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún kó tó gbóòórùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sì má wo ojú mi kó tó kọ máàkì. Bọ̀dá, ẹ bá mi ṣí ti àkọ́kọ́.